Ewu ọyẹ́ ní àyè ìdúró bàálù

Ewu ọyẹ́ ní àyè ìdúró bàálù jẹ́ àwọn ewu tí ìgbà ọyẹ́ máa ń fà fún òṣìṣẹ́, èrò àti ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọkọ̀ náà wà nílẹ̀. Àyè yìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ń pè ní ráńpù, ni a ti ń kó ẹrù, tí èrò ti ń wọlé, tí bàálù sì ti ń gba epo. Ní Nàìjíríà, ọyẹ́ sábà máa ń mú láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí atẹ́gùn bá ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Eruku náà a máa bo Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀, a sì máa dé pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin.

Ìdádúró ìrìnàjò ni ìròyìn sábà máa ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í tán nílẹ̀ nítorí pé bàálù kò gbéra. Nínú kùrukùru eruku, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ẹrù lè má tètè rí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, awakọ̀ òfuurufú sì lè má rí ọwọ́ ẹni tí ó ń júwe ibi ìdúró fún un. Abẹ̀bẹ̀ bàálù tí ó ń yí kíkankíkan ṣòro láti rí, kódà bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrin gan-an, nítorí pé International Aviation College wà ní pápákọ̀ náà, bàálù kéékèèké alábẹ̀bẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́.

Ewu tí ojú kò rí ni ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ẹni tí ó bá ti bọ́ súwẹ́tà lóru ọyẹ́ mọ bí ó ti ń ta pàrà lára. Irú iná mànàmáná bẹ́ẹ̀ náà ni epo ń fà bí ó ti ń ṣàn gba inú họ́ọ̀sì. Bí ó bá ta nítòsí oru epo, iná lè sọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ ọkọ̀ epo àti bàálù kí wọ́n tó so họ́ọ̀sì, tí wọn kì í sì í tú u títí họ́ọ̀sì yóò fi kúrò.

Ní ilẹ̀ òtútù, yìnyín ni ìṣòro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ó bo àwọn bàálù mọ́lẹ̀ ní Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìrìnàjò sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Yìnyín ṣeé fi ṣọ́bìrì kó. Eruku tí ó wà lójú ọ̀run kò ṣeé gbá. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa wọ ẹ̀wù tí ń tàn yanran àti awò ìdáàbòbò ojú, wọn a sì máa fi ìbòrí dí ẹnu ẹ́ńjìnnì àti àwọn ihò tín-ín-rín tí a fi ń mọ eré bàálù. Rìbọ́ọ̀nù pupa ni a ń so mọ́ ìbòrí wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé láti ṣí wọn kí bàálù tó gbéra.