Ìdìbò Nínú Ilé-Ìwé: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Kọ́

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú. Ti àwọn ọmọ wa ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni dìbò títí yóò fi pé ọmọ ọdún 18. Nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, a ó na ìwé ìdìbò sí i, a ó sì ní kí ó tẹ ìka lé e, bí ẹni pé ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí. Ta ni ó kọ́ ọ? Ẹni tí yóò máa ránṣọ, a fi í sọ́dọ̀ télọ̀ kí ó kọ́ṣẹ́. Ẹni tí yóò máa wakọ̀, ó kọ́ ọ kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ yíyan alákòóso ìlú nìkan ni a rò pé ènìyàn lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí a dìbò yan Ààrẹ. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde wá kò tó mílíọ̀nù 26. Nínú ìbò àwọn tí ó jáde pàápàá, èyí tí ó lé ní 900,000 ni ó bàjẹ́, tí a kò lè kà á fún ẹnikẹ́ni. A kò wí pé ọrùn ilé-ìwé nìkan ni ẹ̀bi yìí wà. Ìbẹ̀rù ìjà wà níbẹ̀. Iyèméjì sì wà níbẹ̀, bóyá a ó ka ìbò náà ní òtítọ́. Ṣùgbọ́n a gbà pé láti ìgbà èwe ni a ti í gbin àṣà rere, ìgbà náà gan-an ni a sì í ti dá àṣà búburú lẹ́kun. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn Baba Wa àti Ìdìbò

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń yan olórí. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ó ń yan Aláàfin láàrin àwọn ọmọ oyè, àwọn náà ni ó sì lè kọ̀ ọ́ bí ó bá di aninilára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a sì kọ́kọ́ dìbò ní Èkó àti ní Calabar ní ọdún 1923 láti yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìwọ̀nba ènìyàn náà ni: ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un ní ọdún kan bá tó pọ́ùn 100 nìkan ni òfin gbà. Títí di ọdún 1976, àwọn obìnrin ìhà Àríwá kò ní ẹ̀tọ́ náà rárá. Ohun tí ó gba ọdún 53 kí ó tó kárí tọkùnrin tobìnrin, kò yẹ kí ọmọ wa kà á sí ohun tí ènìyàn lè sọ nù nítorí pé oòrùn mú.

Ohun Tí Àwọn Ará Ibòmíràn Ń Ṣe

Ní ilẹ̀ Nọ́wè, láti ọdún 1937 ni wọ́n ti ń ṣe ìdìbò ìdánrawò nínú ilé-ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣèlú a wá jiyàn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dìbò, a sì kéde èsì tiwọn kí àwọn àgbà tó dìbò.

Ní ilẹ̀ Kánádà, ètò kan tí a ń pè ní Student Vote bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ontario ní ọdún 2003. Orúkọ àwọn olùdíje àdúgbò wọn gan-an ni ó ń wà nínú ìwé ìdìbò àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó ń ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò, àwọn náà ni ó sì ń ka ìbò, ṣùgbọ́n a kì í kéde èsì wọn títí a ó fi ti ibùdó ìdìbò àwọn àgbà. Nígbà ìdìbò gbogbogbòò ti ọdún 2019, àwọn ọmọ tí ó dìbò bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ètò Kids Voting bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti lọ sí orílẹ̀-èdè Costa Rica, wọ́n sì rí i pé àwọn òbí níbẹ̀ a máa mú ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ibi ìdìbò. Wọ́n gbà pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará ibẹ̀ máa jáde dìbò lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n sì mú àṣà náà wá sí ìlú wọn.

Bí A Ti Lè Ṣe É Níhìn-ín

Ní tiwa, a rò pé kí a má ṣe fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ a máa gbóná ní ilẹ̀ wa, a kò sì fẹ́ kí ọmọ gbé ìjà baba rẹ̀ wá sí kíláàsì. Kí ìdìbò àkọ́kọ́ jẹ́ lórí nǹkan, kí ó má jẹ́ lórí ènìyàn. Ṣé àgbàdo ni a ó gbìn sí oko ilé-ìwé, tàbí ẹ̀fọ́? Kí ọmọ méjì dìde gbe àgbàdo lẹ́yìn, kí ọmọ méjì dìde gbe ẹ̀fọ́ lẹ́yìn, kí a dìbò, kí a sì gbin èyí tí ó bá wọlé. Kò sí ẹni tí ojú yóò tì. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó yan ènìyàn, kí ó sì jẹ́ sí iṣẹ́ tí ó ní láárí: ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé kíkà, ẹni tí yóò máa rí sí omi mímu, tàbí olórí kíláàsì.

Kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì sí ìwé olùdìbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹni tí kò bá rí orúkọ tirẹ̀ lè wá sọ. Páálí tí a lu ihò sí lórí tó fún àpótí ìbò. Kí a ṣí i han gbogbo ojú kí wọ́n rí i pé òfìfo ni, kí a tó lẹ̀ ẹ́ pa. Fún àwọn ọmọ kékeré tí kò tí ì mọ̀wé, kí a ya àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ìràwọ̀, ẹyẹ, àtùpà. Kí a kọ́ wọn láti tẹ àtàǹpàkò sí ojú kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ká ìwé náà ní òòró, kí tàdáwà má baà ràn mọ́ ojú ẹlòmíràn.

Kí a fi aṣọ ta igun kan nínú kíláàsì, kí olúkúlùkù lè tẹ̀ka níkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1991, nígbà tí a yan àwọn gómìnà, ńṣe ni àwọn olùdìbò tò ní gbangba sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́. Irú rẹ̀ rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tò sí ibi tí ó wù ú nígbà tí onílé rẹ̀ ń wò ó? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọdé tí a ní kí ó nawọ́ sókè: ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Bí olùdíje kan bá sì ń pín bisikíìtì, ẹ má ṣe kánjú gbé pàṣán. Ẹ bi kíláàsì léèrè pé, “Bí bisikíìtì bá tán lónìí, ta ni yóò pọn omi fún wa ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀?” Àwọn ọmọ yóò dá ara wọn lóhùn.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Wà Gan-an

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣì í ṣe, ó sàn kí a má ṣe ìdìbò náà rárá. Ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, àwọn ọmọ dìbò yan ọmọbìnrin kan, tí baba rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, ṣe olórí kíláàsì. Olùkọ́ wo ìbò náà, ó ní ọmọ náà kò lóhùn tó láti pàṣẹ, ó sì fi ẹni kejì sí ipò náà. Àwọn ọmọ kò pariwo, nítorí ọmọ kì í bá olùkọ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yí po, tí a tún pín ìwé ìdìbò, òfìfo ni púpọ̀ nínú wọn dá padà. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó sì yé wọn yékéyéké: ìbò kò já mọ́ nǹkan kan, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ni yóò ṣẹ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ni yóò pé ọdún 18 lọ́la, tí a ó sì máa béèrè ìdí tí wọ́n fi jókòó sílé ní ọjọ́ ìdìbò.

Nítorí náà, kí a tó dìbò ni kí olùkọ́ ro tirẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí kò lè fi lé ọmọdé lọ́wọ́, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lẹ àpótí pa, kí ó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Kí a gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ojú rí i, kí a kà á ketekete, kí a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sójú pátákó, kí aṣojú olùdíje kọ̀ọ̀kan dúró tì í, kí a sì lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí ní ibùdó ìdìbò àwọn àgbà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ti rí èyí tí ó tọ́ nínú kíláàsì yóò mọ èyí tí ó wọ́ nígbà tí ó bá rí i ní ìta.

Ẹni tí kò wọlé ńkọ́? Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni ó le jù, òun ni ó sì ṣe iyebíye jù. Kí ó bọ ẹni tí ó wọlé lọ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì, kí ẹni tí ó wọlé náà sì fún un ní iṣẹ́ kan ṣe. Ní àárín sáà, kí olórí tuntun dìde, kí ó sọ ohun tí ó ti ṣe nínú èyí tí ó ṣèlérí, kí àwọn tí ó yàn án sì bi í léèrè. Ìdìbò kò parí ní ọjọ́ tí a kà á.

Iṣẹ́ Ti Òbí

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé ti ilé-ìwé nìkan ni. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí méjì, Michael McDevitt àti Steven Chaffee, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ó wà nínú ètò Kids Voting ní ìlú San Jose ní California. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ gbé ọ̀rọ̀ ìdìbò dé ilé, wọ́n sì ta àwọn òbí wọn jí sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ilé àwọn tí kò rí já jẹ ni àǹfààní náà ti hàn gidigidi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí ọmọ yín bá bi yín léèrè nídìí oúnjẹ alẹ́ bóyá ẹ dìbò, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí ẹ dìbò fún, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí tí ẹ fi lọ fún un, tàbí ìdí tí ẹ kò fi lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń díje, ẹ má ṣe ra súwíìtì lé e lọ́wọ́ kí ó lọ pín. Bí kò bá sì wọlé, ẹ má ṣe sáré tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti gbà á bẹ́ẹ̀, kí ó tún dán an wò lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yan olórí kíláàsì, ohun èlò tí ẹ ó lò kò wọ́n: páálí kan, bébà díẹ̀, àti tàdáwà. Ohun tí ó kù ni sùúrù láti gba orúkọ tí ó bá jáde nínú páálí náà, ìbáà ṣe orúkọ tí ẹ̀yin ìbá yàn, ìbáà má ṣe òun.