Kí Ni "Saponify" Túmọ̀ Sí Gan-an?

Bi akẹgbẹ́ wa kan léèrè ohun tí saponify túmọ̀ sí, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé: "Kí a po ọṣẹ." Ìdáhùn yìí sún mọ́ ọn, àmọ́ kò bá a. Èyí tó ṣe rẹ́gí ni: sọ ọ̀rá di ọṣẹ.

Pípò yàtọ̀ sí dídi. Bí o bá po iyọ̀ mọ́ iyanrìn, iyọ̀ ṣì ni iyọ̀, iyanrìn ṣì ni iyanrìn. Ṣùgbọ́n bí epo bá bá álíkálì ṣiṣẹ́, epo kò sí mọ́. Mólékù ọ̀rá kan á gba pọ́tásíọ̀mù háídírọ́ksáìdì mẹ́ta, á sì di ọṣẹ mẹ́ta àti glycerol kan. Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, ló fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823 pé álíkálì kì í kàn lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ńṣe ló ń tú u palẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Wọ́n ń da omi sí eérú èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi rẹ̀ se àdín. Pọ́tásíọ̀mù inú eérú náà ló jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ tí a fi sódíọ̀mù ṣe ló máa ń le.

Bí a ṣe ń lò ó wá ńkọ́? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó lè gba àbọ̀, ó sì lè dá dúró. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: álíkálì sọ àdín di ọṣẹ, àdín di ọṣẹ. Ẹ má lò ó fún kẹrosíìnì, nítorí kò ní ẹ́stà tí álíkálì máa tú. Ẹ má lò ó bí ásíìdì bá ló tú ẹ́stà náà. Àmọ́ bí sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì bá tú ethyl ethanoate, saponify ni wọ́n ń pè é, bí ọṣẹ kankan ò tilẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá máàkì ìdánwò. Saponification value ni iye mílígíráàmù pọ́tásíọ̀mù háídírọ́ksáìdì tó máa sọ gíráàmù ọ̀rá kan di ọṣẹ. Ti àdín wà láàárín 230 sí 254. Ti epo pupa, 190 sí 209. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ti àdín se 100 gíráàmù epo pupa yóò ní ó kéré tán gíráàmù méjì álíkálì tí kò rí ọ̀rá bá ṣiṣẹ́. Inú ọṣẹ ni yóò wà, ara ẹni tó bá fi wẹ̀ ni yóò sì bó. Nítorí náà, kí o tó wọn álíkálì, kọ́kọ́ béèrè pé: ọ̀rá wo ni mo fẹ́ sọ di ọṣẹ?