Dadi ní òun ò ní san owó fún ẹ̀kọ́ òfófó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èmi náà wà lára àwọn tó ń fi ọmọ Mass Comm ṣe yẹ̀yẹ́. Law ni mo kà, ẹ sì mọ bí àwa ọmọ Law ṣe máa ń ṣe: kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ká máa rìn bí ẹni tó ti di adájọ́ nígbà tí a ò tíì yege ìdánwò ọdún kìíní. Lójú tiwa, ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Mass Comm, Law ló kọ́kọ́ fẹ́ kà, máàkì JAMB rẹ̀ ni ò gbé e. A ní ẹ̀kọ́ àtíkè ni. A ní ẹ̀kọ́ fọnẹ́ ni. A ní àwọn ọmọge tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí wíìgì wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń kà á.

Ọ̀kan nínú wọn bá mi gbé yàrá. Ọkùnrin ni, kò sì lo wíìgì. Láago márùn-ún ìdájí ni yóò ti dojú kọ ògiri, tí yóò máa ka ìwé ìròyìn àná sókè. "Good evening, here is the news." Ìrọ̀lẹ́ wo, nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ! Sílípáàsì la fi máa ń dá a lóhùn.

Mo rántí gbogbo èyí lóṣù tó kọjá nígbà tí àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dadi Ìdóàní, pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi pẹ́.

"Lọ́yà, bá mi bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀. Ó ní òun tún fẹ́ padà lọ ṣe HND nínú Mass Comm yẹn. Mi ò ní owó tí mo fẹ́ máa fi kọ́ ọmọ ní òfófó."

Àbúrò mi yìí ti gba ND. Owó kòkó ni Dadi fi rán an. Ó ti ṣe IT ọdún kan tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó wọlé fún HND, ó kù kó padà. Dadi ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì dípò rẹ̀. "Ṣé ìwọ rí nọ́ọ̀sì tí ebi ń pa?" Mo ní mi ò rí i, Dadi. Mo fẹ́ sọ pé mo rí lọ́ọ̀yà tí ebi ń pa, àmọ́ mo pa á mọ́nú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Ìdóàní, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ló wà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìta fi mọ ìlú náà ni Federal Government College tó wà níbẹ̀, tí àwọn òbí láti ìpínlẹ̀ oríṣìíríṣìí ń kó ọmọ wá sí. Ọmọ Ìdóàní tó bá ti kékeré máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lọ́jà, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé èdè kan ń níyì ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ inú ìlú kan náà ni àdúgbò Iyayu wà, tó ní èdè tirẹ̀, èdè tí àwọn onímọ̀ èdè kà mọ́ ẹbí èdè Ẹ̀dó, tí kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá. Mi ò tíì gbọ́ ọ lórí rédíò rí láyé mi.

Ohùn yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi fojú àbúrò mi rí màbo. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí ó dá mi lójú pé bákan náà ló rí níbi tó pọ̀. Ọjọ́ kejì tó dìde láti ka ìròyìn nínú kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ń rùn bí oko. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wo àwọn oníròyìn lórí YouTube ní òru, nígbà tí data bá pọ́ọ́kú, tó ń kọ́ bó ṣe máa yí ahọ́n. Nígbà tó wá sílé lọ́dún Kérésì, àwọn ará ilé náà tún ń rẹ́rìn-ín: wọ́n ní ó ti ń fọ fọnẹ́, wọ́n ní kó rọra, kí ahọ́n ẹ̀ má baà ká kò. Ní ilé ìwé, ara oko ni. Nílé, òyìnbó ni. Ó ní òun ò mọ èyí tí òun fẹ́ kí wọ́n máa pe òun.

Ẹ tún gbọ́ ti ilé gbígbé. Ìyá onílé kan kọ̀ láti fún un ní yàrá torí ohun tó ń kà. Wọ́n ní àwọn ọmọ Mass Comm a máa kó ọkùnrin wálé. Ẹni tó gba yàrá náà, Accountancy ló ń kà, kò sì pé oṣù méjì tí ìjà fi ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lórí ọkùnrin. (Èmi ò sọ pé ọmọ Accountancy burú o. Ẹ má kọ̀wé sí mi.) Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ Civil Engineering bóyá ó máa ń kó obìnrin wálé kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Aṣọ ńkọ́? Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń múra. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní práktíkà, ẹni tó bá fẹ́ jókòó síwájú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ múra bí oníròyìn. Àwa ọmọ Law náà ń wọ kóòtù nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó pè wá ní ọmọge. Ohun tí ẹni tó ń wo àtíkè ò rí ni pé kámẹ́rà kan ṣoṣo ni odidi kíláàsì ń dù, nítorí náà fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni àbúrò mi fi ya fíìmù kékeré tó fi gba máàkì. Súwẹ́tà ló fi bo ẹnu fóònù kí afẹ́fẹ́ má baà ba ohùn jẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó yí mi lérò padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù lu àwọn tó wá jọ́sìn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa ti gbóná. Ẹnìkan ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kú. Ẹlòmíì ní igba. Àǹtí wa kan ju fọ́tò òkú síbẹ̀, ojú àwọn èèyàn hàn kedere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní wọ́n ti jí Fáda gbé lọ. Èmi lọ́ọ̀yà, tí wọ́n kọ́ ní òfin ẹ̀rí fún odidi ọdún kan, tí mo lè la ẹ̀rí àgbọ́sọ yé yín lójú oorun, èmi náà gbé ọ̀rọ̀ Fáda yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù méjì mìíràn.

Àbúrò mi, tó ṣì wà ní ND nígbà náà, ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí i pé wọ́n gbé Fáda? Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ fọ́tò yẹn. Ẹbí ẹni tó wà nínú ẹ̀ lè má tíì gbọ́."

Wọ́n bú u. Wọ́n ní ọmọ àná fẹ́ máa kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní Mass Comm ti gun orí rẹ̀. Kò fèsì. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀wọ̀, ó pe ẹlòmíì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tó yá ó kọ ìlà mẹ́rin péré sórí gúrúùpù: ohun tó dájú, ohun tí kò tíì dájú, pé wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tó fara pa, àti pé òun ò ní sọ iye tó kú torí kò sí ẹni tó tíì kà á. Mo ka ìlà mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tó yá ni Dáyọ́sìsì Kátólíìkì Oǹdó sọ pé kò sí Fáda kankan tí wọ́n jí gbé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni olóògbé Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, kéde pé 40 èèyàn ló kú. Wọn kì í ṣe igba. Bí ẹ bá ní 40 náà ti pọ̀ jù, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ìyá tó wà ní Ìdóàní tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ bi í bóyá igba àti ogójì jẹ́ ọ̀kan náà ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí fóònù ọmọ ò lọ.

Mi ò rántí pé mo padà sí gúrúùpù méjì yẹn lọ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Iṣẹ́ tí à ń fi ṣe ẹ̀rín nìyẹn. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ àná. Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta. Nsukka ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn láti ọdún 1961. NUC gan-an ti pín Mass Comm ti yunifásítì sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, fíìmù náà lọ́tọ̀. Ẹ bá mi wo ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 22: ó ní kí àwọn oníròyìn máa bi ìjọba léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe fún aráàlú. Mi ò rí abala tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé òṣìṣẹ́ báńkì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bá ní òun ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, a máa ń dá ọpẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ìbẹ̀rù Dadi kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Àwọn kan wà nínú kíláàsì yẹn tí fọnẹ́ nìkan ni wọ́n máa bá jáde. Àwọn oníròyìn wà tí wọn ò ní kọ nǹkan kan títí wọ́n á fi gba àpòòwé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù kò ṣọ̀wọ́n, ẹni tí wọn ò sì sanwó fún, ibo ló fẹ́ ti gba ti àpòòwé kúrò lọ́kàn? Níbi tí àbúrò mi ti ṣe IT, ọ̀dọ̀ Dadi ló ti ń gba owó ọkọ̀. Fún odidi ọdún kan, ó ń sanwó kó lè lọ ṣiṣẹ́ fún wọn. Tó bá jẹ́ pé èyí ni Dadi sọ fún mi lórí fóònù, mi ò ní rí èsì fọ̀. Òfófó ni wọ́n sọ, ibẹ̀ ni mo ti bínú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọdún 2022 yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Mo ní tí wọ́n bá san ìdajì, èmi máa wá ìdajì tó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà mi méjì ò tíì sanwó fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún pè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Wọ́n ní àwọn rí nǹkan lórí WhatsApp pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lórí oko kòkó, àti pé lọ́jọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Mo ní, "Dadi, ẹ bi ọmọ yín. Inú ilé kan náà lẹ jọ wà."

Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ bi í. Tí àwọn bá bi í, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù HND ló máa mú bọnu.

Fọ́ọ̀mù náà máa tì lópin oṣù yìí.