Ta ló sọ fún yín pé ọtí kíkorò ń pa ṣúgà?

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọ́n ti yó ni."

Ohun táwọn èèyàn sọ nípa ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyẹn ní Ìtòkú, lọ́sàn-án Sátidé kan. Alárò ni wọ́n, iṣẹ́ àdìrẹ ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà kan láti Èkó ń dúró de aṣọ, ni wọn ò bá rí àyè jẹun láti àárọ̀. Wọ́n ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn ní tiwọn o. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n yà sọ́dọ̀ ìyá alágbo, wọ́n gbé ife àgbo jẹ̀díjẹ̀dí méjì mì, èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, wọ́n bá padà sídìí aró.

Kò pẹ́ tí ahọ́n wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Wọ́n ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Wọ́n ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò mọ iye tó jẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, ló pariwo: "Ọtí nìkan kọ́ lèyí! Ẹ sáré ra mínírà wá!" Wọn ò tíì mu ún tán tí ojú wọn fi ń là. Nígbà tá a dé ọsibítù, ṣúgà wọn ṣì wà nílẹ̀ gan-an. (Orí ló yọ wọ́n pé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e gbà.)

Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló gbé wọn dé ìdí ọtí, ẹ gbọ́ èsì wọn: "Ṣebí ohun tó bá korò ló ń pa ṣúgà?"

Mi ò lè bínú sí wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa náà nìyẹn. Wọ́n ní àdídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ohun kíkorò ló sì ń wò ó. Nígbà tí àtọ̀gbẹ wá dé, a kàn fa ìmọ̀ràn yẹn gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ahọ́n ló ń mọ kíkorò, ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀dọ̀ dà bí àká. Tá a bá jẹun, ó ń kó ṣúgà pamọ́. Tébi bá dé, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí èyí tó kó pamọ́ bá sì ń tán, á ṣe tuntun. Tí ọtí bá wọlé, òun ni ẹ̀dọ̀ máa kọ́kọ́ dojú kọ, kò ní ráyè ṣe ṣúgà tuntun bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, wàhálà tiẹ̀ di méjì: oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì rí i gbé sókè. Ewu yẹn lè wà nílẹ̀ fún wákàtí 24 lẹ́yìn ife tó kẹ́yìn, ó lè bá èèyàn lójú oorun. Nígbà tí òórùn ọtí sì wà lẹ́nu rẹ̀, ta ló máa rò ó pé ṣúgà ló ń tán lára rẹ̀?

Ẹmu ńkọ́? Ẹmu àárọ̀ dùn torí ṣúgà inú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìwúkàrà ń sọ ṣúgà yẹn di ọtí, ẹmu náà á sì máa kan nírọ̀lẹ́. Inú agbè kan náà o!

Ẹ̀yin tẹ́ ò ní àtọ̀gbẹ, ẹ má tíì sá lọ. Gíráàmù ọtí kan ní kálórì 7, ti sítáàṣì inú láfún wa jẹ́ 4. Ìgò bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí pọ́nńbélé. Ó ti lé ní kálórì 160 nìyẹn, a ò tíì ka ti ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n. Ti stout 7.5% ti kọjá 240, pẹ̀lú gbogbo kíkorò rẹ̀. Ara ò níbi tó lè tọ́jú ọtí sí, nítorí náà òun ló máa kọ́kọ́ jó, asun tá a fi tì í á wá lọ jókòó síkùn. Ọ̀rá inú ikùn yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí ínsúlínì ráyè ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá. Nígbà tó yá, wọ́n sún un síwájú. Ó kéré tán, wọ́n kọ agbára ọtí sára ọ̀rá yẹn. Àgbo inú ike ní Ìtòkú, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i lára.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣì wà nídìí aró. Wọn kì í fi ebi ṣiṣẹ́ mọ́, ṣúgà oníhóró sì wà nínú àpò ṣòkòtò wọn. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn jọ, wọ́n ní: "Tẹ́ ẹ bá tún rí i pé mò ń sọ kántankàntan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ wo àpò mi."