Yíyan Ìtàn fún Ọgbà Ìgbafẹ́: Àpẹẹrẹ Orónsẹn ti Ọ̀wọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó àti ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọgbà ìgbafẹ́ di ààyò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ a máa gbó, ọ̀dà a sì máa ṣá. Ìtàn tí a gbé ọgbà kà ni ó ń pe àlejò padà. Irú ìtàn wo, nígbà náà, ni kì í gbó?

Àmì àkọ́kọ́ ni pé kí ìtàn náà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ṣáájú. Nígbà tí Walt Disney ṣí Disneyland ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1955, ó sọ ààfin inú ọgbà náà ní orúkọ arẹwà ọmọ ọba tí ó sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Sinimá ìtàn yẹn kò sì jáde títí di ọdún 1959. Àlọ́ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ará Yúróòpù ju igba ọdún lọ. Kò dúró de sinimá.

Àmì kejì ni pé kí ìtàn ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ ní irú rẹ̀. Wọ́n ní Orónsẹn, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, a kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi lulẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rú èèwọ̀ wọ̀nyí. Ayaba bínú lọ, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí ní Igbó Lájà. Nínú igbó yìí kan náà ni Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ jáde ní ọdún 1971, àwọn ère tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó dín díẹ̀.

Àmì kẹta ni pé kí àlejò rí ohun ṣe. Lásìkò ọdún Igógo, tí wọ́n fi ń rántí Orónsẹn, wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀, wọn kì í sì í dé fìlà. Agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ a sì dirun bí obìnrin. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti Imoru wá, tí ó sì ṣí fìlà rẹ̀, ti di ara ìtàn náà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. A lè fi ìtàn, aṣọ àti ère han àlejò. Ètùtù jẹ́ ti àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá lu ìlù nígbà Igógo nítorí owó ẹnu ọ̀nà ti ṣe bí orogún Orónsẹn: gèlè ni yóò kù sí i lọ́wọ́, ayaba yóò ti lọ.