Ìpéǹpéjú àti Òkè Ojú: Bí A Ṣe Ń Mọ Orí Ènìyàn Nínú Kọ̀ǹpútà

 

Púpọ̀ nínú yín ti ń mọ orí ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà, pàápàá pẹ̀lú Blender tí a kì í sanwó fún. Imú ń dára, ẹnu ń dára. Ṣùgbọ́n tó bá kan ojú, orí náà á dà bí òkú. Bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn agbẹ́gilére wa ní ètò. Kevin Carroll, tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, kọ ètò náà sínú ìwé rẹ̀ ní 1967. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: wọ́n á gé igi sí ìrísí ńlá. Èkejì ni alétúnlé: wọ́n á pín ìrísí ńlá sí kékeré. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ìkẹrin ni fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fa ìlà wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fínfín, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Bákan náà ló rí nínú kọ̀ǹpútà.

1. Ẹyinjú ló ṣáájú. Ẹ pa ojú yín dé, kí ẹ fi ìka kàn án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá yí ojú sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ó gbọ́ bí nǹkan róbótó ṣe ń yí lábẹ́ awọ. Ìpéǹpéjú kì í ṣe ihò tí a dá sí ara orí. Aṣọ ló jẹ́, tí a tẹ́ lé nǹkan róbótó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹyinjú sí àyè rẹ̀. Ti àgbàlagbà tó nǹkan bíi mìlímítà 24 ní ìbú.

2. Ìpéǹpéjú. Ẹ to ìlà yí ojú ká bí òrùka, ọ̀kan nínú èkejì, kí awọ lè ká kó sì tún nà. Ìpéǹpéjú òkè máa ń bo orí dúdú ojú díẹ̀, bíi mìlímítà kan sí méjì. Ti ìsàlẹ̀ kàn ń fara kan etí rẹ̀ ni. Bí funfun bá hàn lókè dúdú ojú, ẹni náà á dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ẹ má gbàgbé pé etí ìpéǹpéjú nípọn. Bí ẹ bá ṣe é bíi bébà, ojú ò ní gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Níbi igun òde, ti òkè ló ń gun orí ti ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa ní Ifẹ̀ mọ èyí: ẹ lè rí i lára àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí ọjọ́ orí wọn ju ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún lọ.

Tí ojú bá ń ṣẹ́, ti òkè ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹ má fà á wálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kó yí tẹ̀lé ara ẹyinjú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyinjú á yọ gba inú awọ jáde.

3. Òkè ojú. Egungun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ, kí ẹran àti awọ tó bò ó tẹ̀ lé e, irun ló gbẹ̀yìn. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó wò ó láti iwájú. Bí egungun ò bá sí níbẹ̀, irun á kàn dà bí ohun tí a fi tìróò kùn.

4. Ojú ta ni? Orí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó sì rọrùn láti mú un, ká kàn yí àwọ̀ rẹ̀ sí dúdú. Àwa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kálukú ló yan orí tirẹ̀. Orí òde ni a fi ń rántí orí inú. Ẹ mú dígí, ẹ jókòó ti ìyá àgbà yín, kí ẹ wo bí ìpéǹpéjú wọn ṣe wálẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ mọ.

Agbẹ́gilére lè mọ̀ọ́mọ̀ mú ojú tóbi ju ti ènìyàn lọ, ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ yan ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ mọ ojú kan ṣoṣo, ìyẹn ti òsì, kí ó lè là kí ó sì lè pa dé. Ẹni tó bá ráyè, kó wọ ọkọ̀ Metro Orange Line láti New Carrollton dé ibùdókọ̀ Smithsonian, kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, wà nínú àkójọ wọn.

Orí á gbè yín o. Àṣẹ.