Àlàyé Lórí Bí A Ti Ń To Àwòṣe Rọ́kẹ́ẹ̀tì àti Bí A Ti Ń Rán An Lọ Sókè

Bí a bá wo àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ àti olùdánwò máa ń yàn fún àròkọ oníṣìípayá, a ó rí i pé wọn kò jìnnà sí ara wọn: bí a ti ń ṣe gàrí, bí a ti ń rẹ aṣọ láró, bí a ti ń kọ́ ilé alámọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó dé kíláàsì, débi pé ìrántí rẹ̀ ni a ń dán wò ju agbára àlàyé rẹ̀ lọ. Ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún 6. Nítorí náà ni a ṣe mú iṣẹ́ kan wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, èyí tí a bá àbúrò wa ṣe nígbà tí a lọ kí i ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí a ń pè ní àwòṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi páálí, igi fúúyẹ́ àti ike ṣe, tí ó sì ń fò ní tòótọ́. Ní 1954 ni Orville Carlisle, ẹni tí ó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní Nebraska, ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà rán Sputnik lọ sí òfuurufú ní October 1957, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í po ohun tí ń gbiná fúnra wọn, wọ́n ń kì í sínú páìpù irin. Òmíràn bú gbàù lójú wọn. Àwọn kan fara pa, àwọn mìíràn kú. Ìdáhùn tí Carlisle àti G. Harry Stine mú wá ni pé kí ilé-iṣẹ́ máa ṣe agbára inú rẹ̀ ní àṣeparí, kí ọmọ má ṣe po ohunkóhun rárá. Lẹ́yìn náà ni Vern Estes ṣe ẹ̀rọ kan ní Colorado tí ó ń rọ wọ́n jáde lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí agbára inú yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀tù ni, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ọdẹ ń rọ sínú ṣakabùlà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ le gbagidi sínú ọ̀pá páálí nínípọn, nítorí náà kì í bú lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni ó ń jó díẹ̀díẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Ihò tóóró kan tí a fi amọ̀ ṣe ni èéfín gbígbóná ń gbà tú sẹ́yìn, bí ó sì ti ń tú sẹ́yìn ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ síwájú. Bí ẹ̀tù yìí bá jó tán, iná kejì tí kò ní agbára yóò máa rú èéfín nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi eré tí ó ti gbà lọ sókè. Ẹ̀tù kẹta ni yóò wá fẹ́ atẹ́gùn sókè nínú ara rẹ̀, tí yóò ti orí rẹ̀ jáde pẹ̀lú agboòrùn tí yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àmì ara rẹ̀ ń sọ gbogbo èyí. Bí a bá rí D12-3, D ń sọ iye agbára tí ó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè tó ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. 12 ni agbára ìtì rẹ̀ ní ìdá dọ́gba, tí a fi níútìn wọ̀n. 3 ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná kejì yóò fi jó.

Títò rẹ̀ kò le: gọ́ọ̀mù, sáńpépà, ọ̀dà àti sùúrù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. A ti gbọ́ kí àwọn kan pè é ní apá, kí àwọn mìíràn pè é ní ìyẹ́. A kò fara mọ́ èyí. Bí a bá pè é ní apá, òǹkàwé yóò rò pé òun ni ó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì ró bí apá ẹyẹ ti ń gbé ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ìdí yà kúrò lẹ́yìn orí. Lẹbẹ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́, èyí tí a ń lò fún ti ẹja. Lẹbẹ ni ó ń jẹ́ kí ẹja dúró ṣánṣán nínú odò.

Saturn V ni àbúrò wa rà, àwòṣe èyí tí ó gbé Neil Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òṣùpá ní July 1969. Saturn V ga tó nǹkan bí mítà 110. Àwòṣe yìí jẹ́ ìdá kan nínú 100 rẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 110. Níbí ni a ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tí a kò retí: bí àwòṣe bá jọ ojúlówó rẹ̀ jù, ó lè má fò dáadáa. Lẹbẹ Saturn V kéré gan-an sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 5 ni ó wà ní ìdí rẹ̀, 4 nínú wọn sì lè yí ẹnu padà láti tọ́ ọ sọ́nà. Àwòṣe kò ní èyí. Lẹbẹ àti ìwúwo rẹ̀ nìkan ni ó gbójú lé.

Òfin rẹ̀ nìyí. Ibì kan wà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a lè so okùn mọ́ tí kò fi ní tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. A ó pè é ní ojú ìwúwo. Ibòmíràn wà tí gbogbo agbára afẹ́fẹ́ tí ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ parapọ̀ sí. A ó pè é ní ojú afẹ́fẹ́. Ojú ìwúwo gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìwọ̀n ìbú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kan sún mọ́ orí ju ojú afẹ́fẹ́ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò máa tàkìtì lójú ọ̀run. Nítorí náà àwọn mìíràn a fi lẹbẹ tí ó tóbi ju ti ojúlówó lọ sí i, tàbí lẹbẹ ike tí ojú ń rí kọjá nínú rẹ̀. Àbúrò wa ní tirẹ̀ lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ inú orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sí pápá, a fi í kọ́ ọ̀pá irin tí ó nà ṣánṣán, a sì fi wáyà já a mọ́ bátìrì. Ẹsẹ̀ bàtà 15 ni ó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i. A ka 5 dé 1, a tẹ bọ́tìnnì, ó sì ṣí fìrì. Ó lọ tààrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí rẹ̀ já, agboòrùn kò ṣí. Àwa ni a fi bébà tí kì í gbiná sáàárín ẹ̀tù àti agboòrùn, a sì fi ṣahun. Iná ti yọ́ ike agboòrùn náà mọ́ra wọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá já lulẹ̀ gbì, lẹbẹ méjì kán. Àbúrò wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

A kò lè kó ẹ̀tù wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà ara rẹ̀ tí ó ti fọ́ nìkan ni a mú wá sílé fún kíláàsì wa. A ṣàlàyé fún wọn, a sì ní kí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ kọ rọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, a kò sì gba máàkì lọ́wọ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ àyálò tí ó tẹ̀lé ìró Yorùbá ni. Iná kejì ni ó dà wá láàmú, èyí tí ń jó láìtì. Àwa ti kọ iná ìdúródè sójú pátákó. Ọmọbìnrin kan pa á tì, ó kọ iná onísùúrù dípò rẹ̀. A kò rí i nínú ìwé èdè-ìperí kankan, ṣùgbọ́n òun ni a ń lò ní kíláàsì náà báyìí.